Àga Ẹ̀gbẹ́ Mi Níbi Sinimá

Atakpamé, Sátidé, oṣù Kejìlá 1938

Láti ìgbà tí oṣù yìí ti wọlé, kò sí èyí tí mi ò lọ wò: àfihàn aṣọ híhun, eré àwọn onífèrè, sinimá lára aṣọ funfun nínú ọgbà Kọmáńdà, ọ̀gá òyìnbó ìlú wa. Èmi nìkan ni mo ń lọ. Ilé ti dákẹ́ jù.

Lónìí, ìyá arúgbó kan nawọ́ sí àga ẹ̀gbẹ́ mi níbi sinimá. "Ọmọ mi, ṣé ẹnì kan ló ni ín?" ó bi mí.

Ẹnu mi yá ju ọkàn mi lọ. "Ìyàwó mi ló ni ín, Ìyá."

"Ó dáa. Màá dìde tó bá dé." Ó jókòó.

A jọ rẹ́rìn-ín títí àwòrán fi parí. Ó wá bojú wẹ̀yìn. "Kò mà wá."

"Ó ti kú, Ìyá." Mi ò tíì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí.

Ó di ọwọ́ mi mú títí wọ́n fi ká aṣọ funfun náà.