Àpò Ilé Tí Ẹ Dì Sílẹ̀ fún Wa

Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó fi ilẹ̀ Kumasi ṣe ibùsùn,

Mi ò ní bi yín pé ṣé dáadáa lẹ wà. Mo mọ ibi tí ẹ wà. Inú ń bí mi, Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni mo sì ń bínú sí. Mo ti bínú sí Bùrọ̀dá Dáre ẹ̀gbọ́n mi, mo ti bínú sí àwọn àgbà ìjọ, mo ti bínú sí Hájíà àbúrò yín ní Aboabo, kó tó wá yé mi pé ńṣe ni mo ń fi oníjà sílẹ̀ tí mo ń gbá alápẹpẹ mú. Ó yá, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ẹ ò sá lè dìde kúrò níbẹ̀ báyìí bí ẹ ṣe máa ń dìde tí ọ̀rọ̀ ò bá tẹ́ yín lọ́rùn.

Oṣù tó kọjá la ṣe ìrántí ọdún kan yín. Ẹ mọ̀ pé a kì í fi ẹ̀wà ọjà se oúnjẹ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Ẹ̀yin lẹ ṣe é lófin. Bí ẹ̀wà tuntun bá ti Techiman dé ṣọ́ọ̀bù ní Asafo, àpò tó bá kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ẹ kì í tà á. Ẹ ó fúnra yín dì í, ẹ ó tì í sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé-ìkẹ́rù, ó di àpò ilé nìyẹn. Ìkómọ, òkú, Kérésì, àìsàn, inú rẹ̀ la ti ń bù. Ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún wa láìmọye ìgbà: nígbà tí ìjọba lé àwọn àlejò kúrò ní Ghana, ọmọdé lẹ wà, wọ́n kó yín sínú lọ́rì láìsí oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ebi sì pa àbúrò yín kan lójú ọ̀nà títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹ búra pé ẹ̀wà ò ní tán nílé yín láéláé. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, Bàbá. Mo máa ń fi yín yangàn níbi iṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrántí, Hájíà kó ìkòkò ńláńlá wá láti Aboabo, àwọn ìyá ìjọ sì wà níkàlẹ̀ pẹ̀lú ata àti epo. Èmi ni wọ́n ní kí n jókòó ṣa ẹ̀wà. Àpò tí ẹ fọwọ́ ara yín dì kí ẹ tó kú ni wọ́n tú. Mo ki ọwọ́ bọ inú àtẹ, mo ń ṣa á, mo ń ṣa á, mi ò rí ohun tí màá ṣà kúrò. Kò sí èyí tó ní ihò. Kò sí ẹyọ kan péré tó ní ihò, Bàbá, ẹ̀wà tó ti lé lọ́dún kan! Hájíà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Alhamdulillah! Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mọ́! Ẹ wo ẹ̀wà bí ẹni pé àná ni wọ́n ká a.” Àwọn ìyá ìjọ ń ṣe àmín. Ara mi sì tutù wá látòkè délẹ̀.

Kí niṣẹ́ mi, Bàbá? Ẹ máa ń sọ fún àwọn oníbàárà yín pé ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ dókítà ní yunifásítì, mo sì máa ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ yéé parọ́. Kòkòrò ẹ̀wà ni mò ń sìn. Inú ìgò ni mo ti ń sìn ín ní ilé-ìwádìí wa, mo ń fún un ní oúnjẹ, mo ń jẹ́ kó bímọ, kí n lè wá ohun tó máa lé e. Inú èèrù, tí àwọn ará ibí ń pè ní hwentia, ni mo ti ń wá a. A ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, a ó fa òróró inú rẹ̀ jáde, a ó wo èwo nínú ohun tó wà nínú òróró yẹn ni kòkòrò ò lè fara dà. Ọdún mélòó ni mo ti ń bá a bọ̀? Nínú ìgò tó dára jù lọ lọ́wọ́ mi, kòkòrò ṣì ń lu ẹ̀wà díẹ̀díẹ̀. Nínú ooru Kumasi yìí, ẹ̀wà tí èèyàn ò fọwọ́ kàn, kò ní pẹ́ tó fi máa di ìyẹ̀fun. Ẹ̀wà tí kòkòrò bá wá kọ̀ láti jẹ fún odidi ọdún kan, kì í ṣe ìbùkún.

Mo da omi sí i. Omi yẹn funfun bí omi ògì. Mo gbóòórùn rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n, torí a máa ń lọ sí oko kòkó fún iṣẹ́ wa. Mo sáré bá Bùrọ̀dá Dáre níwájú ilé níbi tó ti ń kí àlejò, mo ní kí ló fi sínú ẹ̀wà. Ojú ò tiẹ̀ tì í. “Oògùn kòkó náà ni. Àbí kí ni? Bàbá ló kọ́ mi. Èyí tó wà fún títà, ìwọ̀n kan. Àpò ilé, ìwọ̀n méjì, torí òun ló máa pẹ́ jù.” Ó ní òun tún fi díẹ̀ kún un lẹ́yìn tí ẹ kú, kó má baà bàjẹ́ ṣáájú ìrántí. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé màá yìn òun.

Ìwọ̀n méjì! Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ṣe? Oògùn tí wọ́n ṣe fún igi, tí àwọn tó ń fọ́n ọn máa ń fi aṣọ bo imú, ẹ fi ìwọ̀n kan sí ti ará ọjà, ẹ wá fi méjì sí tàwọn ọmọ yín. Ìkà èèyàn máa ń kó èyí tó dáa sílé, á kó èyí tí ò dáa fún ará ìta. Ẹ̀yin, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn wa, ẹ kó májèlé tó pọ̀ jù wá sílé! Irú ìfẹ́ wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ìkòkò àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ti gbé kaná kí n tó jókòó ṣa ẹ̀wà, ti jinná nígbà náà. Àwọn ọmọ àdúgbò ti tò pẹ̀lú abọ́ wọn. Mo ní kẹ́nikẹ́ni má bù ú, wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe. Ìyá ìjọ kan ti mú ìgbakọ. Mo mú àkísà, mo di etí ìkòkò mú, mo sì dojú rẹ̀ dé sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Oúnjẹ ìrántí yín, Bàbá. Hájíà ló kọ́kọ́ lanu: “Subhanallah! Ṣé orí rẹ pé ṣá?” Díákónì ìjọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lé mi lórí bí ẹni tí ẹ̀mí òkùnkùn gùn. Wọ́n lọ ra kẹ́ńkè àti ẹja fún àwọn àlejò, wọ́n sì ń jẹ ẹ́, wọ́n ń wò mí bí ẹni wo olè.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìpàdé dé. Àwọn àgbà ní àfi kí n kúnlẹ̀ bẹ Bùrọ̀dá níwájú ìjọ. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ṣàlàyé, mo tún un ṣàlàyé, mo ní ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀wà náà lọ sílé-ìwádìí. Díákónì ní ẹ̀kọ́ tó bá ti lè kọ́ni láti da oúnjẹ òkú nù, òun ò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Olóòótọ́ ìlú nìkà ìlú, àbí? Mo ní mi ò kúnlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi ń hó.

Mo rántí ìgbà tí ẹ gbà fún mi láti dán òróró èèrù wò sára àpò kan ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn obìnrin Asafo dá a padà, wọ́n ní ó ń ta sánsán bí ọbẹ̀ àbíyamọ, wọ́n ní ta ló bímọ. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé, ikọ́ yín yẹn, tí ẹ ń pè ní ikọ́ eruku. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́ báyìí. Àwa èèyàn sá fún ẹ̀wà tó ń rùn bí oúnjẹ, a wá ń du èyí tí wọ́n fi oògùn igi pa mọ́.

Kàkà kí ewé àgbọn Bùrọ̀dá dẹ̀, líle ló ń le sí i. Kó lè fi hàn pé irọ́ ni mò ń pa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀wà àpò ilé láàárọ̀ àti lálẹ́. Kì í ṣe òun nìkan. Ẹ rántí Adwoa ìyàwó rẹ̀, ọmọ Asante tí ẹ máa ń pè ní ìyàwó mi kékeré? Oyún ti ga nínú rẹ̀, àkọ́bí wọn. Ó pè mí lórí fóònù. “Sista, mepa wo kyɛw, jọ̀ọ́, wá. Ó ní tí mi ò bá jẹ ẹ́, ó túmọ̀ sí pé ẹ̀yìn rẹ ni mo wà. Mo ti jẹ ẹ́ lánàá. Ɛyɛ hu, sista, ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ tó wà nínú mi ńkọ́?”

Ọmọ-ọmọ yín, Bàbá. Ìyẹn ló ṣẹ́ mi lórúnkún. Mo ronú kan Màámi náà, tó ń jẹ ẹ̀wà àpò ilé nígbà oyún gbogbo wa, àti àwọn tó bí ṣáájú mi tí wọn ò dúró. Ṣé oògùn yẹn ni? Mi ò mọ̀. Kò sí ìgò tí mo lè fi ìyẹn sí wò mọ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní í lè mọ̀ ọ́n láyé mi.

Mo lọ kúnlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ mọ òfin àwa ará ilé: bí àbúrò bá kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n lójú àwọn àgbà, ẹ̀gbọ́n á fà á dìde, á bi í pé kí ló ń fẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé rárá. Orí òfin yẹn ni mo gùn. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níwájú gbogbo ìjọ, mo ní Bùrọ̀dá, ẹ má bínú. Orúnkún mi ló kúnlẹ̀ o, inú mi dúró ṣánṣán. Ó fà mí dìde. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó ní, “Àbúrò mi, kí lo fẹ́?” Mo ní àpò ilé ni mo fẹ́, àtẹ̀wà àtàpò, kí ẹyọ kan má ṣẹ́ kù. Ó wo díákónì, díákónì wo ilẹ̀. Kò sóhun tí wọ́n lè ṣe.

Bùrọ̀dá fúnra rẹ̀ ló rù ú dé inú takisí, kò jẹ́ kí dírẹ́bà fọwọ́ kàn án. A gbé e lọ sẹ́yìn ilé-ìwádìí wa, níbi kòtò tí a ń da àwọn ohun tí oògùn ti bàjẹ́ sí. Mo mú ọ̀bẹ pé kí n gé okùn ẹnu rẹ̀. Ó pariwo mọ́ mi: “Má gé e! Ìdì Bàbá ni.” Gbogbo ìgbà tó bá tú u, yálà ó fẹ́ fi oògùn kún un tàbí ó fẹ́ bù nínú rẹ̀, ó máa ń fara balẹ̀ dì í padà bí ẹ ṣe máa ń dì í, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi eyín fa okùn. Ó lóṣòó, ó tú u díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó tú u tán, kò lè dà á. Ó dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Nínú ilé-ìkẹ́rù, nígbà tí a lọ gbé àpò yẹn, ni mo ti rí agolo oògùn náà. Orí òkú ni wọ́n yà sára rẹ̀. Ẹ ò mọ̀wé, òótọ́ ni, èmi ni mo máa ń kàwé fún yín: ìwé dókítà, ìgò oògùn ikọ́, títí kan ẹ̀yìn agolo Milo. Ẹ máa ń ní ojú mi lojú yín. Kí ló dé tí ẹ ò gbé agolo yìí wá kí n kà á fún yín rí? Ṣé ẹ mọ ohun tí màá kà ni? Ṣé ẹ rò pé ohun tó bá lè lé kòkòrò fún ìgbà pípẹ́, ó lè lé ebi bẹ́ẹ̀ náà ni? Ẹ dá mi lóhùn! Nígbà tí ẹ wà láyé, ẹ ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ rí, ẹ wá dákẹ́ nígbà tí mo ń fẹ́ ìdáhùn.

Èmi ni mo dà á. Mo gbé ìdí àpò yẹn sókè, mo sì da gbogbo rẹ̀ sínú kòtò, mo fi ṣọ́bìrì kó yẹ̀pẹ̀ bò ó. Bùrọ̀dá ń sunkún bí ọmọdé. Èmi ò sunkún, inú ń bí mi jù. Ẹ kó oúnjẹ pa mọ́ de ọmọ yín kí ẹ tó kú, Bàbá, ẹ sì jẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ náà ló máa sin ín. Mo lè dárí gbogbo ìyókù jì yín. Ìyẹn, mi ò tíì lè dárí ẹ̀ jì yín.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó ń bínú, tí ò sì ní bàbá mìíràn.