Àwọn Kòkòrò Tó Ń Jẹ Ọ́ìlì Lẹ́yìn Ilé Wa

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé ara le, ṣé àwọn kòkòrò tí ẹ ń sìn níbi iṣẹ́ yín náà ń jẹun dáadáa? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Bàbá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ nìkan ni kò kí ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ohun tí a rí àti ohun tí a kò rí yóò máa ṣọ́ ọ.

Ìgò tí o fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ mi láìfọ́. Bí o ṣe sọ lórí fóònù pé kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló wà nínú rẹ̀, pé wọ́n lẹ́mìí, pé epo sì ni oúnjẹ wọn, àyà mi já. Kí n tó ṣí i, mo kọ́kọ́ kó òróró, kẹrosíìnì àti ìpara mi sínú àpótí, mo tì í pa. Bàbá rẹ tó ń fi òróró pa orúnkún ní alaalẹ́ kò gba ẹ̀yìnkùlé kọjá títí ó fi fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ní òun kò lè fi ẹsẹ̀ òun ṣe àlejò.

O rántí pé èmi àti mẹkáníìkì tí ògiri là wá láàrin, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Sípánà, a kì í kí ara wa mọ́ láti ìgbà tí ọ́ìlì dúdú tó ń dà sílẹ̀ ti bá òjò wọ inú ọgbà ẹ̀fọ́ mi. Koríko pàápàá kò hù níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo lọ bá a, ó ní òjò ló gbé e wá, kí n lọ mú òjò. Ìgbà tí o wá bu erùpẹ̀ ibẹ̀ sínú ọ̀rá lọ́jọ́sí, mo rò pé àgọ́ ọlọ́pàá lò ń gbé e lọ, inú mi sì dùn gan-an. Àṣé àwọn kòkòrò rẹ lo fẹ́ fún tọ́ wò.

Ìròyìn ìgò náà ta sí Sípánà létí, ló bá fi tapólì bo gbogbo ọkọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wá kanlẹ̀kùn wa. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọdún tó kọjá ni pé kí màmá jọ̀ọ́, bí àwọn èèyàn inú ìgò wọn bá jẹ tilẹ̀ tán, kí wọ́n má fo ògiri, ọkọ̀ oníbàárà ló wà lọ́dọ̀ òun. Ìdí tí mo fi pè ọ́ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. O rẹ́rìn-ín títí, o ní wọn kò ní fo ògiri, inú ilẹ̀ tó tutù tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. O ní ẹ ti dán wọn wò fún ọdún púpọ̀, wọn kì í pa èèyàn, adìẹ tàbí ohun ọ̀gbìn lára, àti pé bí ọ́ìlì bá tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn á kú. Ìyẹn dùn mí. Òṣìṣẹ́ wo ló ń ṣiṣẹ́ tán kí ebi wá pa á kú? Àánú wọn ṣe Sípánà náà, ó ní òun á máa ta ọ́ìlì díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ní kó má dán an wò.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ṣọ́bìrì wá lọ́jọ́ tí mo da ohun inú ìgò náà sí ilẹ̀ ọgbà. Ó ń tú ilẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, mo ń da omi àti ajílẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí i, àwa méjèèjì kò sì mọ ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tí o ní kí n gbé fóònù súnmọ́ ilẹ̀ kí o lè wo iṣẹ́, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ìwọ àti wọn lè gbọ́ ara yín dáadáa. Bàbá rẹ a máa jókòó síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun. Ó ní wọ́n gbẹ̀kọ́, wọn kì í pariwo nídìí oúnjẹ.

Òórùn ọ́ìlì ló kọ́kọ́ lọ. Ó pẹ́ díẹ̀, ní òwúrọ̀ kan, mo rí koríko. Èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi fa koríko tu, mo kúnlẹ̀ tì í, mo ń pe ará àdúgbò kí wọ́n wá wò ó. Sípánà bọ́ fìlà, ó ní kí n má bínú, ẹnu òun ló gùn nígbà tí òun di gbogbo rẹ̀ ru òjò. Lẹ́yìn tí o tún yẹ erùpẹ̀ náà wò tí o ní kò séwu, mo gbìn. Tòmátò ti pọ́n níbẹ̀ báyìí, ẹ̀fọ́ ń tutù yọ̀yọ̀. Sípánà ti ra dúrọ́ọ̀mù tó ń da ọ́ìlì sí, ó sì ti la ilẹ̀kùn sára ògiri kí ìyàwó rẹ̀ lè máa wá já ẹ̀fọ́. Kì í kàn án kó tó wọlé, èmi náà kì í tì í.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ike ìbomirin. Má san án sí báńkì, akọ̀wé ibẹ̀ ní inú kọ̀ǹpútà ni owó mi wà, mo yí lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Awakọ̀ ni kí o fún. Sípánà ní kí n béèrè bóyá ẹ ní èyí tó ń jẹ ìdógùn-ún ara irin. Bàbá rẹ ní ti òun, kó jẹ́ èyí tó ń jẹ ẹ̀fọn.

Bí àwọn kòkòrò rẹ ṣe pọ̀ sí i nínú ilẹ̀ láìsí ariwo, bẹ́ẹ̀ ni ayọ̀ rẹ yóò máa pọ̀. Ibi tí ohunkóhun kò ti hù fún ẹlòmíràn, yóò hù fún ọ.

Èmi ni, ìyá rẹ.