Ọrùn Mi Pupa, Ìgbúnwọ́ Mi Mọ́

Ọjọ́bọ̀

“Tómi, ṣé o ti ń fi kírímù bóra ni?” Mọ́mì mi ló pariwo bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí wọ́n rí ọrùn mi tó pupa. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n o.

Dókítà ní kì í ṣe kírímù. Ó jọ pé abẹ́rẹ́ sọ́ríásìsì, àrùn awọ tó ń mú kí èépá bo ìgbúnwọ́ mi, tó wo ìgbúnwọ́ náà sàn ni: ó dínà mọ́ àwọn ọmọ ogun tó ń bá àìsàn jà lára mi níbì kan, wọ́n bá gba ibòmíràn yọ. Wọ́n máa pààrọ̀ abẹ́rẹ́ náà.

Nínú mọ́tò, ní Landover, ní Amẹ́ríkà níbí, mọ́mì ní, “Má bínú, ọmọ mi.” Wọn ò tíì sùn látàná; ibi iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ti dé tí wọ́n fi gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mo dúpẹ́ lọ́kàn.

Bóyá abẹ́rẹ́ tuntun ò ní ṣiṣẹ́, kí èépá tún bo ìgbúnwọ́ mi...

Ó ṣì mọ́ báyìí. Lọ́jọ́ Sunday màá wọ aṣọ aláìlápá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tòun ti ọrùn pupa. Mi ò ní sọ ohun tó mú un pupa fún ẹnì kankan.