Ọmọ Méjì fún Àgbà Kan

                                        Ilé Kejì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, nọ́ọ̀sì wa,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ ńkọ́? A dúpẹ́ níbí. Àkọ́bí mi ọkùnrin ṣì ń wúkọ́, ó ní òun ò ráyè lọ rí dókítà. Bó bá gbé fóònù, ikọ́ ló ń kọ́kọ́ kí mi. Jọ̀wọ́, bá mi bá a wí.

Ọ̀rọ̀ ọmọ wa obìnrin gan-an ló wà nílẹ̀. O mọ̀ pé ó fiṣẹ́ báǹkì sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ tó ń kó jọ sí pálọ̀ mi lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́: àgbà kan, ọmọ méjì, wọn a jọ kàwé, wọn a jọ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ aláàánú kan ní àwọn máa ràn án lọ́wọ́ kó lè dé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò, ó kó ọmọ rẹpẹtẹ sínú gbọ̀ngàn, ó gbé makirofóònù fún olùtọ́nisọ́nà kan ṣoṣo. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" nìkan ló kù lẹ́nu wọn. Ọmọbìnrin tí à ń pè ní Oníbéèrè, tí kì í jẹ́ kí n ránṣọ gbádùn, wá dákẹ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu.

Ọmọ wa tú gbọ̀ngàn ká, ó ní àfi méjì-méjì. Ọjọ́bọ̀ làwọn aláàánú ń bọ̀ wá wò ó. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí i, kò ní báǹkì, kò ní àwọn ọmọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kó wọn padà sí gbọ̀ngàn fún ọjọ́ yẹn nìkan. Ó ní, "Màámi, ẹ máa rán aṣọ yín."

Nígbà tí wọ́n dé lọ́jọ́ náà, olórí wọn, bàbá onígíláàsì kan, ní ọ̀nà yìí ti falẹ̀ jù, níbo la ti fẹ́ rí àgbà tó máa tó? Ọmọ wa fa àga sílẹ̀: "Ẹ jókòó, sà. Méjì péré ni tiyín."

Kó tó jókòó dáadáa, Oníbéèrè ti bi í léèrè ìdí tí irun etí rẹ̀ fi pọ̀ ju ti orí lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì nu omi ojú. Ìgbà tó máa dìde, oòrùn ti wọ̀. Ó ní iṣẹ́ máa tẹ̀síwájú, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá gba ọmọ méjì. Awakọ̀ rẹ̀ ti gba tiẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Èmi náà ti gba méjì. Ọ̀kan ti mọ ìṣirò jù mí lọ.

Bá mi kí gbogbo ilé. Sọ fún àbígbẹ̀yìn rẹ pé ó ku bọ́tìnì lára aṣọ rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé yín ló kàn, mo sì ti fi ẹnu mi sọ pé o máa wá. Àwọn ọmọ méjèèjì tó máa jẹ́ tìrẹ ti ń béèrè bí o ṣe rí.

Èmi tí wọ́n bí ọ lé,
Ẹ̀gbọ́n rẹ, Aránṣọ.