Kọ́ńgò tí Ẹ Fi Sílẹ̀ fún Mi

Ìyá mi àtàtà, ẹ̀yin tí mo ń pè tí ẹ kò dáhùn,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ mi kò yá nínú ìwé kíkọ, pírámárì fáìfù ni mo dé tí ẹ ní kí n wá máa bá yín gbé gààrí. Ẹ bá mi fojú fo èyí tí mo bá ṣì kọ.

Mo ti relé ọkọ. Yàrá kan la gbà ní Ìkìrun. Bíríkìlà ni ọkọ mi, kì í mutí, kì í pariwo. Ojú ṣì ń tì mí sí i. Tó bá ń jẹun, ẹ̀yìn kọ́tíìnì ni mo máa ń dúró sí, tí màá máa yọjú wò ó bóyá ó yó. Ẹ ò dúró kí ẹ rí i. Ì bá wù yín.

Owó oúnjẹ ni kò tó. Látìgbà tí ìjọba ti gbé Sáàpù dé, tí sìmẹ́ńtì gbówó lórí, ta ló tún ń kọ́lé? Ohun tó bá gbé lé mi lọ́wọ́ ní Sátidé gbọ́dọ̀ dé Sátidé mìíràn. Bí mo bá ra epo tó pọ̀, ẹja á sá. Bí mo bá ra ẹja, kẹrosíìnì á tán. Mo kúkú ń ṣa igi dáná, mo fi ṣáwá dípò ẹran, mo sì sá ata pamọ́ nígbà tó pọ̀ lọ́jà. Ìyẹn ò le. Gààrí ló le, torí òun ló ń gba owó jù, òun náà ló sì kó ìfura bá mi.

Nígbà tí wọ́n pín ẹrù yín, àwọn ẹ̀gbọ́n mi mú aṣọ àti ìkòkò. Èmi mú kọ́ńgò yín, torí ọwọ́ yín ló wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé kí n máa wo àtàǹpàkò òǹtajà bóyá ó ki í bọ inú kọ́ńgò, kí n má wo ẹnu rẹ̀. Gbogbo gààrí tí mo bá rà ni mo ń fi kọ́ńgò yín tún wọ̀n nílé.

Àbúrò bàbá ọkọ mi kan wà tí à ń pè ní Ìyá Ìbà. Gààrí ni wọ́n ń tà lọ́jà Ìkìrun níbí. Ọkọ mi ní ọ̀dọ̀ wọn ni kí n ti máa rà, pé owó kì í sọnù sọ́wọ́ ará ilé. Mo ra kọ́ńgò mẹ́rin. Nígbà tí mo dé ilé tí mo wọ̀n ọ́n, ìkẹrin ò dé etí rárá. Bẹ́ẹ̀, ìyá yìí fún mi ní èènì o, ẹ̀kúnwọ́ méjì! Mo ní, àṣé. Ìdí tí èènì fi pọ̀ nìyí. Wọ́n á máa kì mí ní ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, èmi á máa wo àtàǹpàkò.

Mo fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀yìn ọjà ni mo ń gbà kí wọ́n má baà rí mi. Mo rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò kún. Mo wọkọ̀ lọ sí Inísà, sọ́dọ̀ obìnrin tó jókòó síbi tí ẹ ń jókòó sí tẹ́lẹ̀, kò kún. Mo lọ títí dé Òkukù, ìyẹn ló tilẹ̀ burú jù. Mo ní ṣé gbogbo àwọn oníṣòwò agbègbè yìí ti jọ mulẹ̀ ni? Èmi òpè, n kò rò ó pé owó ọkọ̀ tí mo ń ná kiri ti ju gààrí tí mo ní wọ́n rẹ́ jẹ lọ. Owó ẹja ni mo fi ń wọkọ̀. Ọkọ mi á fi òkèlè wá inú ọbẹ̀ yíká.

Lọ́jọ́ kan ló wá bi mí pé, “Ìyàwó, ibo lowó ń gbà lọ?”

Mo ní, “Ẹ má bínú sí mi. Àbúrò bàbá yín ló ń rẹ́ wa jẹ.”

Ó dáwọ́ oúnjẹ dúró. “Ìyá tó sanwó tí mo fi kọ́ṣẹ́?”

Mo gbé kọ́ńgò jáde, mo ṣàlàyé. Ó fọwọ́. “Gbé e dání, ká lọ bá wọn. Bó bá jẹ́ òótọ́, n kò ní í dé ìsọ̀ wọn mọ́ láéláé. Bó bá jẹ́ irọ́…” Kò parí ẹ̀. Ìyá mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń tọ̀ dé ọjà.

Ìyá Ìbà rí wa lókèèrè. “Ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́! Àbí gààrí ti di èèwọ̀ nílé yín ni?” Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Mo kúnlẹ̀, mo yọ kọ́ńgò nínú láílọ́ọ̀nù. Wọn ò tilẹ̀ wo inú rẹ̀. Wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n fọwọ́ pa ìdí rẹ̀, wọ́n wá fi ìdí náà gbé e kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó ń mì síhìn-ín, ó ń mì sọ́hùn-ún, kò lè jókòó. Ni ìyá bá bú sẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú.

“Ta ló ni ín?”

“Ìyá mi ni, mà. Gààrí ni wọ́n ń tà ní Inísà.”

“Wọn ò fi èyí tà o! Èyí tí wọ́n fi ń rà lọ́wọ́ àwọn olóko nìyí. Wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ síta kó lè máa gbà sí i. Èyí tí wọ́n fi ń tà dà?”

Aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní, “Háà, Ìyàwó, o gbé kọ́ńgò olè wá mú olè!”

Ìyá Ìbà kọjú sí i. “Panu ẹ dé! Ṣé níwájú ọmọ lèèyàn ń bú òkú?”

Bí wọ́n ṣe ń jà lọ́wọ́ ni mo fìka tẹ ìdí kọ́ńgò tiwọn wò. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ìgbà yẹn ni mo rántí òṣùká. Tí a bá lọ rajà ní Ìgbayè, ẹ kì í gbé kọ́ńgò yẹn kalẹ̀ lásán, inú òṣùká lẹ máa ń gbé e sí. Èmi rò pé nítorí iyanrìn ni. Ìyá àgbà olóko kan wà níbẹ̀ tí ẹ ń ra gààrí lọ́wọ́ wọn, tó máa ń sun iṣu fún mi. Wọ́n á ti wọn gààrí wọn nílé kí wọ́n tó gbé e wá, síbẹ̀ kò ní í pé. Wọ́n á máa wo inú agbọ̀n, wọ́n á ní bóyá ó jò lọ́nà. Ìyá mi, ẹ̀yin náà á bá wọn gbọn agbọ̀n náà wò.

Ta ló lù ú? Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe rà á? Àbí nígbà tí bàbá kú, tí gbogbo wa ń sunkún oúnjẹ, lẹ lù ú? Èwo nínú ohun tí mo jẹ dàgbà ló jẹ́ ti ìyá àgbà yẹn?

Ọkọ mi kò bá mi jà. Ó kàn ń lọ níwájú títí a fi délé. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó pè mí ní Ìyàwó Òǹwọ̀n, ó sì rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ìyá Ìbà ní kí n bá àwọn lọ sí Ìgbayè ní ọjọ́ ọjà, kí n ra gààrí díẹ̀ wá tà kí owó oúnjẹ lè nà. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀: “Gbé kọ́ńgò ìyá ẹ dání. Owó ẹ kéré, òun ló máa jẹ́ kó tó.” Ibòmíràn ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ṣé wọ́n ń dán mi wò ni, àbí tinú wọn nìyẹn? N kò mọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbé e dání, ẹja ò ní í wọ́n wa mọ́.

Mo ti ra kọ́ńgò mìíràn. Owó ẹja ọ̀sẹ̀ yìí ni mo fi rà á, mo sì gbé e kalẹ̀ wò dáadáa kí n tó sanwó. Ọkọ mi jẹ ọbẹ̀ òfìfo, kò bi mí ní nǹkan kan. Tiyín ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. N kò lè sọ ọ́ nù.

Ọ̀la ni ọjà. Wọ́n ní ìyá àgbà ṣì wà láàyè, ojú wọn ni kò ríran tó mọ́. Bí wọ́n bá rí i pé gààrí wọn kò dín lọ́nà mọ́, tí wọ́n wá wojú mi, ìyá mi, kí ni kí n sọ fún wọn?

Èmi ni, àbígbẹ̀yìn yín, tó ń bínú sí yín díẹ̀, tó sì ń ṣàárò yín gan-an.