Ta Ló Ń Bá Bàbá Kan Ọkọ̀ Bébà?

                                                  Àdúgbò Grabówek,
                                                  Gdynia.
                                                  Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta, 2019.

Bogusława, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Mirek ọkọ ẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Julka ọmọ yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun báyìí, àbí ó ṣì ń kó oúnjẹ sẹ́rẹ̀kẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú? Òtútù Wrocław ńkọ́? Àwa níbí, a dúpẹ́. Atẹ́gùn òkun ò jẹ́ kí etí wa gbádùn, ṣùgbọ́n ara le. Orúnkún mi nìkan ló ń sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé mo bi í ní nǹkan kan.

O máa ní kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Mi ò fọkàn tán fóònù ẹ. Nígbà tá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́, ìwọ sì kọ́ lo wúkọ́. Bí Mirek bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ èmi àtìẹ, kó jókòó kó ka lẹ́tà yìí látòkè délẹ̀, torí ó kàn án. Òun ló fẹ́ wa ọkọ̀ ẹrù wá lẹ́yìn ọdún Àjíǹde láti wá kó Bàbá lọ sọ́dọ̀ yín. Mo mọ̀ pé èmi náà ni mo pè yín, tí mo ní kẹ́ ẹ má tiẹ̀ dúró de Àjíǹde mọ́, kí obìnrin kan má baà gba Bàbá àti ilé mọ́ wa lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, kó o tó ní kí Mirek gbálẹ̀ ọkọ̀, kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe lọ.

Sálúbàtà ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Lẹ́yìn Kérésì, mo gbé ọbẹ̀ barszcz lọ fún Bàbá, mo sì rí sálúbàtà obìnrin lẹ́nu ọ̀nà, aláwọ̀ ewé, onírun nínú. Kì í ṣe lára èyí tí Bàbá ń fún àlejò. O mọ ìyẹn, gbogbo wọn ló ti lanu. Èyí jẹ́ ti ẹni tó mú tiẹ̀ wá látilé. Obìnrin tó bá mú sálúbàtà tiẹ̀ wá sílé ọkùnrin tí ìyàwó ẹ̀ ti kú, kì í ṣe pé ó wá kíni, ó wá jókòó ni.

Mo bi Bàbá léèrè. Wọ́n ní ti Ìyáàfin Irmina ni, pé àwọn jọ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bébà kan ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ní gbọ̀ngàn àdúgbò, àti pé ó máa ń wá mu tíì lọ́jọ́bọ̀. Tíì kẹ̀! O mọ Bàbá wa. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wíwa kéréènì tó ń gbé ẹrù, tábìlì yẹn ò gba àlejò rí. Gígé ni, lílẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má sì mí sórí awẹ́ bébà àwọn. Àwa ọmọ ẹ̀ gan-an, wọ́n ti lé wa síta torí pé a sín. Obìnrin wo ló wá ń mu tíì lórí tábìlì yẹn?

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Nínú dúrọ́ọ̀ Bàbá, mo rí ìbọ̀sẹ̀ obìnrin, èyí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń dé itan, wọ́n ti tú u ní fọ́nrán fọ́nrán. Bàbá ní okùn ọkọ̀ ni. Òótọ́ ni, ìbọ̀sẹ̀ Màmá náà ni Bàbá máa ń tú fún okùn ọkọ̀ nígbà ayé Màmá, tí Màmá á máa pariwo. Mo gbà pé okùn ọkọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ta ló ti inú ẹ̀ jáde?

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé Bàbá ò wojú mi mọ́. Bí mo bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á tẹjú mọ́ fíríìjì. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bàbá tí ò bá lè wojú ọmọ ẹ̀, ó ní ohun tó ń fi pa mọ́ fún un. Gbogbo ìgbà òtútù yìí ni mò ń délé tí mò ń sunkún lórí ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò kàn sọ fún ẹ ni.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, mo rọra gun àtẹ̀gùn, mi ò tẹ aago. Mo fi etí lé ilẹ̀kùn. Ohùn obìnrin ni mo gbọ́, ohùn tó já gaara bíi tàwọn tó ń kéde ní ibùdó rélùwéè. Ó ní, "Mẹ́rìnlá, B. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó yá, mẹ́rìnlá, D." Bàbá dáhùn pé, "Mo ti tẹ̀ ẹ́." Mo ní háà, nọ́ńbà àṣírí báńkì Bàbá ni wọ́n ń tẹ̀ yìí! Èmi tí mo ti mọ nọ́ńbà ara awẹ́ ọkọ̀ kí n tó mọ A, B, D, kò tiẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé ọkọ̀ ni wọ́n ń kà. Ẹni tó bá ń wá olè, gbogbo ìró ẹsẹ̀ ló máa ń jọ ti olè létí ẹ̀.

Nígbà tí Bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, mo fi kọ́kọ́rọ́ mi wọlé. Ọkọ̀ tí wọ́n ń kàn látìgbà ìwọ́wé wà lórí tábìlì. Zorza lorúkọ ẹ̀, irú àwọn ọkọ̀ kéékèèké alágbára tó ń fa ọkọ̀ ńlá wọ èbúté. Ó rẹwà, ìyẹn gan-an ló sì bí mi nínú. Mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé ọlọ́wọ́ òsì ni Bàbá, tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ gé páálí tó nípọn, etí ẹ̀ máa ń dagun sápá ibì kan. Àwa tá a dàgbà sábẹ́ tábìlì yẹn, èékánná la fi ń mọ̀ ọ́n. Mo fi èékánná yí Zorza ká, gbogbo ẹ̀ ló dagun sódì kejì. Ọwọ́ ọ̀tún ló gé e! Mo ní ó tán, obìnrin yìí ti gbé ojúlówó ọkọ̀ Bàbá lọ tà, ó wá gbé ayédèrú jókòó sórí tábìlì. Ọjọ́ yẹn ni mo pè ọ́.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dúró dè é lórí àtẹ̀gùn. Obìnrin kúkúrú ni, ó gbé báàgì aláwọ̀ dúdú kọ́rùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ káàsán o," ó ní. "Ẹ̀yin ni Grażyna."

"Ta ló sọ orúkọ mi fún yín?"

"Bàbá yín ni. Wọ́n ní ọmọ àwọn kan wà tó máa ń gun àtẹ̀gùn bí ọlọ́pàá."

"Ẹ má bá mi ṣàwàdà. Ọkọ̀ bàbá mi dà?"

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tí wọ́n fọwọ́ òsì gé! Ẹ rò pé a ò mọ iṣẹ́ ọwọ́ bàbá wa ni? Ilé lẹ bá wá, ẹ ò bá ti Bàbá wá. Olè ni yín!"

Mo pariwo ẹ̀ débi pé Ìyáàfin Kunegunda ìsàlẹ̀, tí kì í gbójú kúrò lẹ́nu ihò ilẹ̀kùn ẹ̀, ṣílẹ̀kùn gbàgà kó lè ríran dáadáa. Ìyáàfin Irmina la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wá wo ẹ̀yìn mi. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, wọ́n sì ń mi orí fún un pé rárá. Obìnrin náà kọjá lára mi, ó mú sálúbàtà ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kì í sínú báàgì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

"O ti ṣe tán?" Bàbá bi mí.

"Mo ti ṣe tán."

"Ó dáa." Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta.

Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, mi ò sì mọ̀ pé ó ti fọ́. Inú mi tiẹ̀ dùn délé. Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé oúnjẹ pierogi lọ láti lọ bẹ Bàbá díẹ̀. Wọ́n ò gbọ́ ìgbà tí mo wọlé torí rédíò. Wọ́n jókòó ti Zorza, wọ́n ń wá awẹ́ bébà kan. Awẹ́ náà wà níwájú wọn gan-an, Bogusława, ọwọ́ wọn ń wá a lọ wá a bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò rí i. Nígbà tí ọwọ́ bà á, wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí i, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara yàrá ọ̀gákọ̀. Ẹ̀yìn funfun ló kọjú síta. Fèrèsé àti ilẹ̀kùn tí wọ́n yà sójú bébà náà wà nínú. Bàbá wa! Ẹni tó máa ń kun etí bébà níbi tó bá ti funfun, tó nà mí rí torí mo fi funfun bí irun sílẹ̀ lára ọkọ̀ tèmi.

"Bàbá," mo ní, "ẹ ti dojú ẹ̀ délẹ̀."

"Irọ́ ni." Wọ́n fi ìka pa á lọ pa á bọ̀, ṣùgbọ́n ìka ò mọ àwọ̀. Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Lọ jókòó síbi fèrèsé."

Mo jókòó. Wọ́n yí orí, wọ́n tẹjú mọ́ fíríìjì.

"Bàbá, èmi rèé o. Ẹ̀ẹ̀kan náà péré, ẹ wò mí."

"Ìwọ ni mò ń wò. Àárín ojú mi ló ti lọ, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló kù. Bí mo bá wò ọ́ tààrà, òfìfo ni. Bí mo bá wo fíríìjì, mo ń rí ẹ. O ti pa irun ẹ láró pupa. Kò bá ẹ mu."

Mo bú sẹ́kún. Mo ní kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?

"Kí n sọ fún ta? Fún ìwọ tó ò ń yẹ sálúbàtà wò lẹ́nu ọ̀nà mi? Àbí fún Bogusława tó ti kun yàrá kan dè mí ní Wrocław, níbi tí òkun ò sí? Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ojú mi ń lọ, ẹ ó dì mí bí ẹrù ni. Irmina ló ń gé e, òun ló ń ka nọ́ńbà ẹ̀, èmi á fọwọ́ mọ ibi tó jẹ́, màá lẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ó mọ̀ ọ́n gé?"

"Ó mọ̀ ọ́n gé jù mí lọ. O ò gbọdọ̀ sọ fún un."

Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Mo lọ sílé obìnrin náà. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní kí n bọ́ bàtà. Mo bọ́ ọ. Kò fún mi ní sálúbàtà. Ó fi mí sílẹ̀ lórí ilẹ̀ táìlì tútù nínú ìbọ̀sẹ̀ mi, títí mo fi bẹ̀ ẹ́ tán. Àní mi ò rí irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ló sì tọ́ sí mi.

"Ẹ bi mí ní èyí tó wà nínú yín," ó ní.

"Ṣé ilé lẹ ń wá ni, àbí Bàbá?"

"Ilé tí mò ń gun àtẹ̀gùn ẹ̀ pẹ̀lú orúnkún yìí? Tí omi ẹ̀ máa ń lọ lójoojúmọ́? Bàbá yín ni mo fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bi mí bóyá màá fẹ́ òun. Mo ní mi ò ní dá a lóhùn, àfi tó bá kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀ méjèèjì pé òun ò ríran. Mi ò lè wọ ilé tí wọ́n ti ń fi nǹkan pa mọ́." Ìgbà yẹn ló wá ti sálúbàtà kan sọ́dọ̀ mi. "Wọ̀ ọ́, kí òtútù má baà mú ẹ."

Mo wá a tì, mi ò rí ohun tí màá fura sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀rù tiẹ̀ bà mí. Má rò pé mo ti yí padà o, mo ṣì ń ṣọ́ ọ. Ó ti ń padà wá lọ́jọ́bọ̀, èmi sì ń lọ ka nọ́ńbà fún Bàbá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní mò ń kà á bí ẹni tó ń ka ẹ̀sùn.

Ọmọ méjì la jẹ́, Bàbá ti sọ fún ọ̀kan. Wọ́n ní ẹnu àwọn ò gbà á láti sọ ọ́ fún ẹ lórí fóònù, kí n bá àwọn kọ ọ́. O ti gbọ́ ọ báyìí. Ìdáhùn Ìyáàfin Irmina ò sí lọ́wọ́ Bàbá mọ́, ọwọ́ ẹ ló wà. Kọ̀wé pé o ti gbọ́, kó lè dá Bàbá lóhùn. Tó o bá fẹ́ wá, wọ rélùwéè. Bí mo bá rí ọkọ̀ ẹrù Mirek lójú pópó wa, èmi fúnra mi ni màá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Bá mi kí Mirek, kó fi òróró pa ẹ̀yìn ẹ̀. Fi ẹnu ko Julka lẹ́nu fún mi, tó bá ti gbé oúnjẹ mì. Ìyáàfin Kunegunda ní kí n kí ẹ, ó sì ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́. Mi ò tíì dá a lóhùn. Bàbá kí ẹ púpọ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé ojú àwọn ló ń lọ, àwọn ò lọ síbì kankan.

Èmi ni tìrẹ, tí kò ní fi ọ́ sílẹ̀,
Grażyna.