Igi Tó Wọ́wé Létí Òkun

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ẹ dárí jì mí pé mo láyà láti kọ̀wé. Ẹ ní kí n má kọ ọ́ títí n ó fi ní ìròyìn rere, èyí tí mo ní kò sì dára. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó ń kà á fún yín rọra kà á.

Bàbá, Lomé kò fẹ́ mi. Afẹ́fẹ́ òkun ń lẹ iyọ̀ mọ́ mi lára, aṣọ mi kì í gbẹ. Èmi nìkan ni mo ti apá Atakpamé wá sí kíláàsì wa. Àwọn ọmọ ìlú ń bi mí bóyá orí igi ni wọ́n bí mi sí.

Igi fúrúùtù kan wà lọ́gbà ilé ẹ̀kọ́, òun àti máńgòrò kan ló jọ dúró. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ewé fúrúùtù náà pọ́n bí epo, gbogbo rẹ̀ sì rẹ̀ dànù. Olùkọ́ wa, òyìnbó Faransé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ní òtútù ló ń mú kí igi wọ́wé nílùú òun. Ó ní létí òkun tí kò sí òtútù, igi tó wà láàyè kì í wọ́wé. Ó ní eléyìí ti kú, wọn ó gé e lọ́jọ́ Àbámẹ́ta fún ìdáná.

Mo nawọ́. Bóyá kò yẹ kí n nawọ́. Mo ní nílé wa, àràbà ń wọ́wé nínú ọyẹ́, ó sì ń rúwé padà. Ó bi mí pé inú ìwé wo ni bàbá mi ti kà á. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo sì ṣe bí ẹ ti kọ́ wa: nígbà ìsinmi ráńpẹ́, mo fi ọ̀bẹ ha èèpo igi náà, mo fi ara tútù tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n pé igi náà ṣì wà láàyè. Olùkọ́ rí mi. Ó ní mo ba igi ìjọba jẹ́, igi kan náà tó fẹ́ gé! Ó ní bí kò bá rúwé kó tó di Àbámẹ́ta, kí n gbé àpótí mi, kí n máa lọ sóko.

Ẹ̀rù bà mí. Igi yìí kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Ta ní sọ pé ohun tí mo mọ̀ nípa àràbà kàn án? Mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ràfíù, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ta aṣọ ní ọjà Adawlato, àwọn nìkan ló ń fi èdè wa kí mi. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ tó dé Lomé lánàá fẹ́ kọ́ òyìnbó lẹ́kọ̀ọ́ igi. Wọ́n ní kí n ṣe bíi máńgòrò, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ọyẹ́ ń mú òun.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀mùnú ewé tuntun yọ lórí gbogbo ẹ̀ka. Olùkọ́ wò ó, ó sì wọ kíláàsì lọ. Wọn kò gé igi náà, wọn kò sì lé mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé ó ṣe ìdánwò fún wa, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ igi yẹn gan-an. Bàbá, mo kọ ọ́ pé igi tó bá wọ́wé létí òkun ti kú. Mo ń rí ewé tuntun náà lójú fèrèsé bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó kọ «très bien» sí i, pé ó dára gan-an. Mo kórìíra rẹ̀, mo sì kórìíra ọwọ́ mi.

Kí Ọlọ́run dá yín sí, kí òjò tètè dé oko yín. Ẹ bá mi kí Ìyá mi àti gbogbo ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ́tà yìí má kọjá àwa mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí àwọn àbúrò mi gbọ́, pàápàá lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ha èèpo igi wò kí a tó gé e.

Èmi ọmọ yín, tó ti di máńgòrò.